Orin Tí Ó Ti Orí Àkéte Àìsàn Wá

Ẹ̀rí tí a ń gbọ́ jùlọ nínú ilé Ọlọ́run ni ti ẹni tí ìyọnu rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Aláìsàn dìde, ó wá dúpẹ́. Àgàn bímọ, ó wá dúpẹ́. Ẹni tí ó rin ìrìn-àjò dé ayọ̀, òun náà dúpẹ́. Èyí yẹ, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí fún ẹni tí a ti gbàdúrà fún, tí ara rẹ̀ kò sì padà sí bí ó ti wà rí? Ṣé kí ó dákẹ́ ni? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe mú ìtàn Yínká Ayéfẹ́lẹ́, akọrin ìyìn, wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé.

A bí i ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 1968, ní Ìpòtì ní ilẹ̀ Èkìtì. Ilé-ìwé ìjọ Anglican ni ó ti kọ́kọ́ mọ ìwé, irú èyí tí púpọ̀ nínú yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó wá sí Ìbàdàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Okùn tí ó wà nínú egungun ẹ̀yìn ni ó fara gbá a. Okùn yìí ni ọ̀nà tí àṣẹ ọpọlọ ń gbà dé ẹsẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ lè wà ní pípé, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ àṣẹ mọ́. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn, orí kẹ̀kẹ́ aláìlera ni ó sì bá jáde.

Nígbà tí ó wà lórí àkéte ni ọ̀rẹ́ kan tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò gbà á níyànjú pé kí ó ṣe àwo orin. Ó gbọ́, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1998. Ó pè é ní Bitter Experience, èyí ni ìrírí kíkorò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ṣe Sweet Experience, èyí ni ìrírí dídùn. Ẹ kíyèsí i pé láàárín àwo méjèèjì, ẹsẹ̀ náà kò dìde. Kíkorò di dídùn nígbà tí ọkùnrin náà ṣì jókòó sórí kẹ̀kẹ́.

Túngbá ni ó pe irú orin rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kan ń kùn pé ìlù rẹ̀ sún mọ́ ti òde àríyá jù. A kò bú wọn, nítorí ẹni tí ń ṣọ́ ilé ní láti wo ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní Ìwó wa yìí, níbi tí Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ti ń gbé agbo-ilé kan náà, a ti rí i níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ bí orin náà ti ń mú àwọn ènìyàn dìde lórí àga. Ẹni tí kò lè dìde ni ó ń mú ẹlẹ́sẹ̀ jó.

Ọdún 2018 kó adùn àti ìkorò fún un papọ̀. Ní ọdún náà ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbẹ́ta. Ní ọdún kan náà, ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wó apá kan Music House, ilé orin rẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀, Fresh FM, wà. Wọ́n ní kò bá òfin ilé kíkọ́ mu. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ náà yanjú. Orin kò dákẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan ni. Fanny Crosby, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1820, fọ́jú láti ìgbà ọmọ-ọwọ́ títí ó fi kú ní 1915. Síbẹ̀ orin ìsìn tí ó kọ ju 8,000 lọ. Pọ́ọ̀lù àti Sílà pẹ̀lú, kí ilẹ̀kùn túbú tó ṣí ni wọ́n ti ń kọrin, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìjọ kan tí a sìn ní agbègbè Ìwó, ọmọdébìnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Àtẹ̀gùn 6 ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ̀yìn fèrèsé ni ó ti máa ń gbọ́ ìsìn. Àwọn kan ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó. A pe káfíńtà. Ó fi pákó fífẹ̀ ṣe ọ̀nà tí ó dagẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, ọmọ náà sì wọlé. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó wà láàárín àwọn akọrin, ohùn òkè ni ó sì ń gbé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí aláìlera bá wà ní kíláàsì yín, ẹ má ṣe sọ fún un pé ìgbà tí ó bá rìn ni yóò tó jẹ́rìí. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹ sì wá pákó.