Àìsùn Tí A Pè Ní Ìjọ́sìn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Nínú oṣù Ràmàdánì kan ní abúlé wa, ìgbàkígbà tí a bá jí láti jẹ sààrì, a máa ń bá àbúrò mi lójúfò. Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti di ẹni tí ń kí nọ́fílà òru. Ṣùgbọ́n Ràmàdánì parí, oorun kò padà. Ó ń rìn yí ilé ká, ó ń dá àwọn tí a kò rí lóhùn. Àwọn kan ní àlùjànnú ni. A fún un ní hàǹtú mu, a ka Yáàsín. Oṣù mẹ́rin kọjá kí a tó dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ tí a ń pè ní schizophrenia ni, àti pé àìsùn sábà máa ń ṣíwájú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Oorun wá pọ̀ jù. Àwọn ará abúlé ní ọ̀lẹ ni. Ojú tì mí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ń fi agbára jí i lọ sóko, mo sì ń fún un ní obì jẹ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó má baà tòògbé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òru fi tún di ọ̀sán fún un, tí àwọn ohùn náà sì padà.

Nọ́ọ̀sì kò bú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn ni ó ń mú un sùn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Obì sì ń lé oorun. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Bí ó bá le jù, ẹ wá sọ fún wa." Dókítà ní kí ó máa lò ó lálẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.

Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ṣètò ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ará ilé wà lára ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ará ilé tí kò bá mọ ìdí ọ̀ràn lè tú ohun tí oògùn dì.

Ẹ jọ̀wọ́, bí òru bá di ọ̀sán fún ọmọ yín, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lónìí, àbúrò mi ń sùn. Nígbà mìíràn, òun ni ó ń kan ilẹ̀kùn mi fún Àsùbáà. Ọlọ́run tí ó fi oorun ṣe ìsinmi, kí ó má fi í dù wá. Àmín.