Kí Ẹ Tó Ta Ọkọ̀ Yín Nítorí Owó Epo

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ tàbí ti aṣọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ náà ni, nítorí àpò kan náà ni owó epo àti owó ọbẹ̀ ti ń jáde.

Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu gorí àlééfà, tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 fò sókè sí nǹkan bíi ₦500. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bíi ₦1,000. Àwa tí à ń gbé Lotto, ní agbègbè Mowe àti Ibafo, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Púpọ̀ nínú wa ló sá fún owó ilé Èkó wá síbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa kò bá wa kó wá. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, là ń gbà lọ, òun náà là ń gbà bọ̀. Ẹni tó ń gbé ìhín tó sì ní ọkọ̀ ògbólógbòó, epo ni ẹni kejì tó ń bá a pín owó oṣù.

Ọkọ̀ tiwa jẹ́ Toyota Corolla ọdún 1999, ẹlòmíràn sì ti lò ó kí ó tó dé ọwọ́ wa. Òun ló ń gbé bàbá àwọn ọmọ mi lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, òun ló ń kó ọjà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, òun náà ló sì ń gbé ìyá ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣágámù lóṣooṣù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí owó epo wọ̀ wá lọ́rùn, bàbá àwọn ọmọ ní ká tà á. Mẹkáníìkì kan ní ẹ́ńjìnnì ló ti gbó, ká lọ ra òmíràn. Ẹ wo ọ̀nà méjì tí wọ́n là sílẹ̀ fún wa: yálà kí màmá máa ti inú bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, tàbí kí á kó owó ilé-ìwé ọmọ lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Mo bẹ bàbá àwọn ọmọ pé kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì péré, kí á kọ́kọ́ mọ iye epo tí ọkọ̀ náà ń mu ná.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. “Ọkọ̀ yìí ń mu epo” kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó ra epo ₦5,000 lónìí, tó tún ra ₦3,000 lọ́tùnla, kò lè mọ ohun tó ń lọ. Bí a ti ń fi kóńgò wọn ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ náà ni kí á wọn epo. Ẹ ní kí wọ́n bu epo kún táńkì títí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi dá ara rẹ̀ dúró. Ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú àgo ọkọ̀ sínú ìwé. Ẹ máa lo ọkọ̀ yín bí ẹ ti ń lò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà sí ilé epo kan náà kí wọ́n tún kún un. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Tiwa, kìlómítà 320 ni a rìn, lítà 40 ló wọ inú táńkì. Lítà kan ń gbé wa rin kìlómítà 8 péré.

Ìlànà méjì ni mo wá tẹ̀lé, mo sì fẹ́ kí ẹ mú wọn lò. Èkíní, ohun tí kò náni lówó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Èkejì, ẹ má ṣe ohun púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe ọ̀kan, kí ẹ tún wọn epo, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ẹrù inú búùtù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kọ́bọ̀ kan kò bá a lọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bó ṣe ń rí: ìkòkò ìsọmọlórúkọ tọ̀sẹ̀ tó kọjá, àga oníke tí a gbé lọ sí àsálátù, kẹ́ẹ̀gì omi, àpò ìrẹsì tí a kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù tó tó 50 kílò lè jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo ọkọ̀ kékeré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni táyà. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó wà nínú táyà yín wà lára bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Òun ni kí ẹ fi hàn fọkanáísà, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ ta táyà kí ó ní ó ti dáa. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí táyà tó ti gbóná kì í sọ òótọ́. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi pọ́ùn 10 dín sí iye tó yẹ, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún epo ló ń bá a lọ. Èyí tó ju ti epo lọ ni pé táyà tó rọ̀ a máa gbóná jù lórí eré, ó sì lè bẹ́ lójú márosẹ̀. Ẹ̀mí ni ìyẹn, kì í ṣe owó.

Ẹ wá kan asẹ́ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, èyí tí mẹkáníìkì ń pè ní fítà, àti plọ́ọ̀gì tí ń ta iná sí epo. Eruku ọ̀nà àdúgbò wa nígbà ọyẹ́ kì í jẹ́ kí fítà pẹ́. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ń lo kabúrétọ̀, fítà tó dí a máa fi epo ṣòfò. Nínú èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, agbára ọkọ̀ ló ń dín kù jù, awakọ̀ á sì máa tẹ tọ́tù kí ó tó lè rìn. Plọ́ọ̀gì tó ti jẹ ní tirẹ̀ kì í jó epo tán. Ìyókù á bá èéfín jáde. Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ wọn, tí a kó ẹrù kúrò, tí a sì fẹ́ táyà, mo wọn epo: kìlómítà 8 di 8 ààbọ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé olè tó ga jù ṣì wà nínú ilé. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.

A yẹ bíréèkì wò. Bí bíréèkì kan kò bá tú sílẹ̀ dáadáa, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sáré tí ẹlòmíràn di aṣọ rẹ̀ mú. Ẹ fi ọwọ́ súnmọ́ irin inú táyà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìrìnàjò, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìyókù, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u wò. Tiwa kò ní àléébù.

Àgbà mẹkáníìkì kan ní Ṣágámù ló rí olè náà. Ó bi mí pé, “Ìyá, tí ẹ bá ti Lotto dé Berger, ṣé ọwọ́ àgo ooru yín máa ń dé àárín?” Mo ní kì í dé ibẹ̀ rí, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ó ṣí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi àyè tó ṣófo hàn mí. Wọ́n ti yọ tẹmósítáàtì sọnù.

Tẹmósítáàtì jẹ́ ìlẹ̀kùn kékeré kan lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ìlẹ̀kùn náà á wà ní títì. Bí ó bá gbóná dé nǹkan bíi 80 sí 90 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì, á ṣí, kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ló ń yọ ọ́. Wọ́n á ní òyìnbó ló nílò rẹ̀ nítorí òtútù ìlú wọn, pé oòrùn tiwa ti tó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n oòrùn Lotto tó mú jù kì í sábà dé 40, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí tẹmósítáàtì kò bá sí, omi tútù á máa ṣàn ṣáá, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórun, á sì máa bu epo kún epo fún un, bí ìyá tó ń bu oúnjẹ fún ọmọ tó rò pé kò tíì yó. Epo tí kò jó náà á tún máa fọ ọ́ìlì kúrò lára irin, ẹ́ńjìnnì á sì tètè gbó. Ohun tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì ni ó ń pa á.

Àgbà náà yẹ rédíétọ̀ àti fáànù wò pé wọ́n pé, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ pé kí a tó dá tẹmósítáàtì padà. Ó fi tuntun sí i, ó sì da omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀ sí i dípò omi kànga. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ tó gbóná o. Ó ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú.

Nígbà tí mo tún wọn epo, lítà kan ti ń gbé wa rin kìlómítà 10. Kìlómítà 320 tó ń jẹ lítà 40 wá ń jẹ lítà 32. Lítà 8 ló kù sí wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀. Bí a bá ka lítà kan sí ₦1,000, ₦32,000 ni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo ohun tí a rà kò tó owó ẹ́ńjìnnì rárá. Màmá ṣì ń bá ọkọ̀ náà lọ sí Ṣágámù.

Ohun méjì kù tí ó lè jẹ́ ti ọkọ̀ yín. Bí iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì bá ń tàn níwájú awakọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí lẹ nǹkan bò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ kà á. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tí ń tọ́ èéfín wò ló bàjẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé àtúnṣe irú rẹ̀ lè mú kí lítà kan gbé ọkọ̀ jìnnà tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sì máa wo èéfín: dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù, èyí tó fẹ́ dà bí aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jó, ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sì lè ti gbó lóòótọ́.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Láti ìgbà tí mo ti ń mú ìwé ìṣirò mi dání lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá mi sọ ti yí padà. Wọn kì í sọ pé “Ìyá, ẹ mú owó wá” mọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni “Ìyá, ẹ wá wò ó.” Ọmọbìnrin mi ló ń fi géèjì wọn táyà ní àràárọ̀ Sátidé báyìí. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi í sínú ọkọ̀, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà àkọ́kọ́ sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún lọ ra epo. Ó dàbọ̀ o.