Ihò Kan Tó Di Ẹgbàá

Ọjọ́ tí ìyá wa hú ẹ̀gẹ́ oko ọ̀nà Ìnísà wálé gan-an ni páànù ara ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ wọn ní Ìbà jẹ tán. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti hú u, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Wọ́n kó o lọ sí Òkukù, wọ́n sanwó ìlọ fún ẹlòmíì, wọ́n sì pè wá lálẹ́: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹ ò lè bá mi ya páànù tuntun ni?”

Gààrí yẹn ló rán àwa méjèèjì lọ sí yunifásítì. Ta ló máa sọ pé òun ò lè yà á? Kóòdù là ń kọ níbi iṣẹ́ l'Ékòó, àmọ́ a mọ FreeCAD lò díẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni.

Igi róbótó inú ẹ̀rọ náà fẹ̀ ní mìlímítà 250, ó sì gùn ní 300. Páànù tó máa wé e ká gbọ́dọ̀ tó 785. Bí ihò bá fi mìlímítà 10 jìnnà síra, ìlà 78 ni, ihò 30 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó di 2,340.

A kọ́kọ́ ya ihò kan sínú sketch, a sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀ níbẹ̀. Àṣìṣe ni. Gbogbo ihò inú sketch ló ní òfin tó so ó mọ́ èkejì; bí ọ̀kan bá mira, kọ̀ǹpútà á tún gbogbo wọn ṣírò. A ò tíì dé ihò 300 tí láptọ́ọ̀pù fi dákẹ́.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a gé ihò kan péré, kí a wá ní kí ẹ̀rọ tún iṣẹ́ gígé náà ṣe níbi tó kù. Ìyẹn dáa, àmọ́ ẹ̀rọ á ṣírò gígé náà nígbà 2,340. Ọ̀nà kẹta ni pé kó kàn máa lẹ ẹ̀dà ihò tó ti gé mọ́ ibòmíì, láì tún ṣírò. Ìyẹn ló yá jù.

Àwọn aláró ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya adìrẹ ẹlẹ́kọ lè dín ẹyẹ kan kù bó bá dé etí aṣọ. Ẹni tó ń fi páànù tí wọ́n gé ihò sí tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ máa ń yára, àmọ́ páànù ò mọ ibi tí aṣọ parí sí. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyẹn: ṣé ohun tí à ń tún yà yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà? Páànù tiwa nípọn bákan náà níbi gbogbo, torí náà a mú ẹ̀dà.

A fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníná gé e. Bàbá wẹ́dà rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ihò tí iná gé máa ń dán. Eyín tí ìṣó ń yọ lẹ́yìn páànù ló ń lọ ẹ̀gẹ́, kì í ṣe ihò. Wọ́n ní ká tẹ àwòrán náà sórí bébà, kí àwọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, kí wọ́n fi ìṣó àti òòlù lù ú.

Kí bébà tó dé, káfíńtà ti fá igi náà kù sí 240, torí pé ara rẹ̀ ti jẹrà. A yí 250 sí 240 lójú kan. A ò rántí pé ọwọ́ la fi kọ 785, 78 àti 10 síbẹ̀. Wọ́n dúró gbọn-in. Bàbá lu ihò fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n wé páànù náà mọ́ igi, ó fi mìlímítà 31 lé. Wọ́n gé èyí tó lé kúrò, ó ku ìlà 75. Ìlà kan máa ń yẹ̀ fún èkejì kí ẹ̀gẹ́ má bàa rí ọ̀nà kọjá láàárín ihò. Ní ojúpò, ìlà méjì tó jọra wá bára wọn. Ègé kóókó ń já bọ́ níbẹ̀. Ìyá wa ń fọwọ́ ṣà wọ́n, wọn ò sì bá wa wí. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Bàbá nìkan ló sọ̀rọ̀: “Méjì méjì lèmi máa ń kà á, kí ìparí lè bá ìbẹ̀rẹ̀ mu.”

A tún un yà. Dípò ihò kan, ìlà méjì tó yẹ̀ fúnra wọn ni a fi ṣe ìpìlẹ̀. A ò kọ àlàfo sílẹ̀ mọ́. Iye la ní kí ẹ̀rọ wá láti inú ìbú igi, kó sì pín àyíká rẹ̀ dọ́gba. Fún 240, àyíká jẹ́ 754: ìlà méjì-méjì lọ́nà 38, ìlà 76, ihò 2,280. Bí igi bá tún kù sí 230 lọ́la, òǹkà kan péré la máa yí.

Àwa la san owó páànù kejì àti ti iṣẹ́ bàbá. Ó ṣì wà lára ẹ̀rọ náà. Nígbà tí a délé kẹ́yìn, ìyá wa ò bèèrè bí a ṣe yà á. Wọ́n bu gààrí sínú àpò méjì fún wa, ọ̀kan tiwa, wọ́n ní èkejì ni ká gbé fún bàbá wẹ́dà n'Íkìrun bí a bá ń lọ.