Orín-Ata Nínú Ìgò Ìwádìí

Orín-ata kì í ṣe àjèjì ní Parakou. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa ta ni lẹ́nu bí ata, àwọn àgbà wa a sì máa run ún láàárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ni pé pákò yìí ti wọ yàrá ìwádìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde ní 1971. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní drépanocytose, a máa tẹ̀ bí dòjé nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ló ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, tí egungun fi ń ro ọmọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà po omi gbòǹgbò orín-ata mọ́ ọn nínú ìgò, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà rí roboto.

Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa dùn sí ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn, tí àbúrò rẹ̀ ní àrùn náà, bi mí bóyá kí ìyá àwọn má wulẹ̀ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù mọ́.

Ìbéèrè náà wúwo. Ìgò kì í ṣe ara. Nínú ìgò, oògùn bá ẹ̀jẹ̀ pàdé tààrà. Nínú ara, ikùn yóò kọ́kọ́ dà á, ẹ̀dọ̀ yóò yí i padà, kíndìnrín yóò sì tọ́ lára rẹ̀ dànù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi pọ̀ láàrin pákò àti oògùn. Ní Burkina Faso, ilé ìwádìí IRSS pa orín-ata pọ̀ mọ́ bomubomu, wọ́n fi ṣe FACA fún àwọn tó ní àrùn yìí. Bomubomu kan náà ni àwọn obìnrin Fúlàní agbègbè wa fi ń mú wàrà dì di wàgásì. Síbẹ̀, oje rẹ̀ lè ba ojú jẹ́. Ìwọ̀n ló ń ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé, òun sì ni ojú lásán kò lè rí.

Mo dá ọmọ náà lóhùn pé kí ìyá rẹ̀ má fi ọsibítù sílẹ̀, kó sì sọ gbogbo àgbo tí ọmọ ń mu fún dókítà. N kò kóyán àwọn àgbà kéré: bí wọn kò bá pa orín náà mọ́, kí ni Ifẹ̀ ì bá yẹ̀ wò? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá ẹ̀kọ́ tí ẹ ó kọ́, iṣẹ́ ìwádìí yìí ń dúró dè yín.