Orin tó parí kí olówó tó dìde

Ní ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ní New York, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ramones, gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Orin 14 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 29 lọ. Jìtá ń ké bí ẹ̀rọ ìlagi, ìlù ń sáré, akọrin kò dúró mí. Pọ́ńkì ni wọ́n ń pe irú orin yìí. Bí wọ́n bá lù ú ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo, níbi tí orin ti ń bá ariwo ọkọ̀ àti ìpolówó ọjà jà, ẹni tí jùjú àti fújì ti mọ́ lára yóò béèrè bóyá iná ló lọ tí orin fi dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n orin kúkúrú tó yára kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Òṣogbo sí Iléṣà kò jìnnà, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì wà lẹ́bàá Iléṣà. Níbẹ̀ ni ìdílé Isaiah Kẹ́hìndé Dairo ti wá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí I. K. Dairo. Ó ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó ta aṣọ, ó ṣe lébìrà, kó tó dá Morning Star Orchestra sílẹ̀ ní 1957, ẹgbẹ́ tó wá di Blue Spots. Ó mú àkọ́díọ́nì, dùùrù tí a ń gbé kọ́ àyà tí a ń fà tí a sì ń tẹ̀, wọ inú jùjú. Nígbà tó di 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Àwo kékeré ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní àkókò náà wà lórí rẹ̀, èyí tí ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú kan rẹ̀ kì í sábà gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Lóde àríyá, eléré lè lùlù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí olówó ni ń pinnu bí orin yóò ṣe gùn tó. Bó bá ṣe ń lẹ owó mọ́ iwájú orí akọrin ni oríkì rẹ̀ ń gùn sí i. Bó bá jókòó, wọ́n á wá ẹlòmíràn kì. Nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lẹ owó. Aago ló ń darí. Akọrin ní láti mọ ohun tí yóò jù sílẹ̀ kó tó la ẹnu. Oríkì wà nínú àwo Dairo, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti tètè wọlé kó sì tètè jáde. Ẹni tó ra àwo náà, ìbáà jẹ́ bíríkìlà tàbí aláṣọ, ra orin tí kò jókòó de olówó kankan. Ohun kan náà ni àwọn Ramones ṣe nígbà tí wọ́n yọwọ́ nínú kí onijìtá máa dá lu tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láti fi ìka yangàn.

Nígbà tí àwo ńlá tí ojú rẹ̀ kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 gbòde ní àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti Sunny Adé so orin pọ̀ mọ́ orin, olówó sì padà sórí àga rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ta ni yóò jiyàn? Àmọ́ ẹni tí kò lórúkọ láwùjọ tún di ẹni tí ń gbọ́ oríkì ẹlòmíràn.

Lónìí, orin tún ti kúrú. Lórí Spotify, bí ènìyàn bá ti gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n ti kà á. Gígùn orin kò fi kọ́bọ̀ kún un. Ìkúkúrú yìí yàtọ̀. Orin Dairo ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Púpọ̀ nínú ti òde òní dà bí ohun tí wọ́n gé láàárín kí a lè tún un tẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn àwo àtijọ́ fúnra wọn. Lọ́wọ́ àwọn tí ń kó orin sórí mẹ́mórì káàdì lọ́jà, wọn kì í sábà wà lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Wọ́n ti rán wọn pọ̀ di àkójọpọ̀ oníwákàtí kan, wọ́n gé orí èyí, wọ́n gé ìdí ìyẹn, DJ sì ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ láàárín. Orin tí kò jókòó de olówó ti wá ní olówó tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ "Salome" tí Dairo gbé jáde ní 1962, tó sì fẹ́ ẹ ní òun nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, yóò ní láti fi ìka wá a nínú wákàtí náà; kó tó mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀, orin mìíràn ti gorí rẹ̀.