Àbúrò mi kọ́ ló bà á jẹ́

1/ Mo fẹ̀sùn èké kan àbúrò mi. Ferro rod mi, irin dúdú tí mo máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha láti ṣáná tí a bá lọ sùn nínú igbó, ni mo yọ nínú báàgì. Eérú funfun ti bò ó, ó ń rún wómúwómú. Mo ní, "Ìwọ lo da omi sí i!" Ó búra títí, mi ò gbà.

2/ Àṣé irin lásán kọ́ o. Carl Auer von Welsbach, ará Austria, ló ṣe é ní 1903. Cerium pọ̀ nínú ẹ̀, bíi ti òkúta láítà. Cerium kì í bá ọ̀rinrin ṣeré, kíá ló ń dípẹtà. Ọ̀dà dúdú ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò ó.

3/ Ta ló ha ọ̀dà yẹn kúrò? Èmi. Ta ló kó o sínú àpò aláwọ tó ṣì tutù, tó tún di í sínú ọ̀rá ní gbogbo ìgbà òjò? Èmi náà ni.

4/ Mo ha eérú náà dànù, mo fi Vaseline pa á. Iná ta! Mo bẹ àbúrò mi. Ó ní súyà lòun máa fi gbà. Mo ti rà á.