Rọ́bà Abẹ́ Irin

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de Red Line ní Ìjú tàbí Agége rí, ṣé ẹ ti wolẹ̀ rí kí ọkọ̀ tó dé? Mo mọ̀ pé fóònù la sábà máa ń wò. Bí ẹ bá wolẹ̀, ẹ ó rí irin méjì tó nà gbọọrọ, ẹ ó sì rí àwọn kọnkéré tí wọ́n tẹ́ síbùú lábẹ́ wọn. Láàárín irin àti kọnkéré yẹn, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Òun ló ń gba gbígbọ̀n ọkọ̀ kí kọnkéré má baà fọ́. Òun náà ni kì í jẹ́ kí iná tí wọ́n ń gba inú irin kọjá láti fi mọ ibi tí ọkọ̀ wà jò wọlẹ̀.

Àwa tá a kọ́ kọ̀ǹpútà, ìṣirò ni àrùn wa. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 gùn tó 157 kìlómítà, méjì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àlọ àti àbọ̀. Bí mo bá fi 60 sẹ̀ǹtímítà sí àárín kọnkéré kan sí èkejì, kọnkéré tó lé ní 500,000 nìyẹn. Rọ́bà méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Rọ́bà ò sì lè pẹ́ tó irin. Oòrùn á jẹ ẹ́, ìwúwo ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ta ló máa ṣe èyí tí wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀?

Mo mọ ẹnì kan tó fẹ́ ṣe é. Ní àdúgbò wa ní Abúlé Ẹ̀gbá, Bàbá Onírọ́bà là ń pè wọ́n. Dunlop ní Ọba Akran, Ìkejà, ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí ilé iṣẹ́ náà fi dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wọn lọ ń wa takisí. Bàbá ní tiwọn ra ẹ̀rọ ìtẹ-rọ́bà kan, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀ṣì dánfó, ìjókòó ẹ́ńjìnì, àti rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di pure water. Èèyàn méje ló ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí: "Kọ̀ǹpútà, wá wo nǹkan kan." Ẹnì kan tó ń bá àwọn tó ń tún ojú irin ṣe wá ọjà ló fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ó fẹ́ ìwé ẹ̀rí ISO, èsì ìdánwò láti láàbù, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, àti ẹ̀rí pé wọ́n lè tọpa ọjà kọ̀ọ̀kan padà sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò sí àwòrán ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe níbẹ̀ rárá. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Rọ́bà yẹn, mo lè ṣe é kí n tó jẹun àárọ̀. Ìwé ni mi ò ní."

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fáwọn ọ̀rẹ́ mi, àwọn kan ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lé ọmọ onílẹ̀ dànù ni gbogbo ìwé yẹn. Mi ò gbà. Ẹ rò ó wò: bí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá gbaná, èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn kí iná gan-an tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Yúróòpù fi ní ìlànà kan, EN 45545, tó ń sọ bí ohun tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin ṣe gbọ́dọ̀ ṣe bí iná bá kàn án. Bí rọ́bà kan bá sì là lábẹ́ irin, ẹni tó ń tọ́jú ọ̀nà gbọ́dọ̀ lè mọ àwọn ọgọ́rùn-ún mìíràn tí wọ́n sè pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó lọ tú wọn kó tó pẹ́ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo git, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ta ló fọwọ́ kan ìlà yìí? Nígbà wo?

Nítorí náà, mo kọ ètò kékeré kan fún wọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù bí kò tiẹ̀ sí dátà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sè rọ́bà, ìsè yẹn gba nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò òṣùwọ̀n, wọ́n á ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó, wọ́n á kọ àkókò tó wọlé àti àkókò tó jáde. Kóòdù rẹ̀ ò le, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Èèyàn ló le. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé mo wá ṣọ́ wọn ni. Ọ̀gá wọn ní ìbẹ̀rù tiwọn: ìwọ̀n imí ọjọ́ àti ẹ̀tù dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà, orí wọn nìkan ló wà láti ọdún yìí wá. "Ṣé kí n wá da àṣírí mi sínú fóònù, kí ọmọ kan gbé e sá lọ?" Mi ò bá wọn jiyàn, ilé onírọ́bà dúró lórí àpòpọ̀ yẹn. A fún àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ bí "A7", ìwé tó túmọ̀ rẹ̀ sì wà nínú àpótí Bàbá.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀ yẹn sọ nǹkan fún wa. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti máa ń sọ níbẹ̀ pé "rọ́bà alẹ́ kì í dára". Nígbà tá a to àwọn ìsè tó rọ̀ jù jọ, púpọ̀ nínú wọn ló bọ́ sí àkókò tí wọ́n mú iná lọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan jẹnẹrétọ̀. Ooru á já, ọmọ iṣẹ́ á sì yọ ọ́ ní àkókò tó máa ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ alẹ́ kọ́, ọ̀rọ̀ NEPA ni. Wọ́n ń fi ìṣẹ́jú kún un báyìí bí iná bá ṣẹ́jú.

Àmọ́ ìbéèrè tí Bàbá ń bi mí ni mi ò rí èsì rẹ̀ nínú kóòdù: "Bí mo bá ná owó yìí tán, ta ló máa rà á?"

Nínú iṣẹ́ epo rọ̀bì, òfin wà láti 2010 tó kọ iye iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, àjọ kan sì wà tó ń ṣọ́ ọ. Ojú irin ò ní irú rẹ̀. Àṣẹ tí Ọ̀ṣínbàjò fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2017 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa ra ọjà ilẹ̀ wa, ó sì dárúkọ aṣọ iṣẹ́, bàtà, àga, oúnjẹ, oògùn, mọ́tò. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ojú irin níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2019, wọ́n tún fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n á ti máa to ọkọ̀ akẹ́rù ojú irin lélẹ̀ ní Kájọlà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Títò dára, àmọ́ èèyàn lè to gbogbo ẹ̀ láti inú kọ̀nténà láìra ìdè kan lọ́wọ́ ará Ògbà.

Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà míì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ọkọ̀ ojú irin 600, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó kéré tán, 65 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ ti inú ilẹ̀ wọn wá. Bràsíl ni wọ́n ti ṣe ogún àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Dunnottar ló gba ìyókù, wọ́n sì ṣí i ní 2018. Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀ lọ geere fún wọn o. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé onírọ́bà kan lè rí ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ níwájú, kó lọ yá owó ẹ̀rọ ìdánwò. Bàbá ò rí oṣù mẹ́wàá.

Bí wọ́n bá ní kí n béèrè nǹkan kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ojú irin wa, mi ò ní béèrè owó. Kí wọ́n gbé àkójọ ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dọọdún síta, pẹ̀lú àwòrán àti iye rẹ̀. Ọkọ̀ Talgo tí Èkó rà, ìlú Milwaukee ni wọ́n ti tò ó fún ìpínlẹ̀ Wisconsin kó tó di tiwa. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí lórí igbá ní Ládípọ̀.

Ẹni tó fi ìwé yẹn ránṣẹ́ ò dá wa lóhùn mọ́. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ògbà ló rí àkọsílẹ̀ ìsè náà, tó sì gbé iṣẹ́ rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ fún Bàbá. Owó díẹ̀ ti wọlé nínú ìyẹn. Bàbá ti fi ra ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n fi ń wọn líle rọ́bà, wọ́n sì ní àwọn máa fi owó àjọ oṣù tó ń bọ̀ san owó ìdánwò iná. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró ká kọ́kọ́ rí àwòrán gidi gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n ní bí wọ́n bá dúró de àwòrán, àwọn ará Ṣáínà ò ní dúró. A ò tíì gbọ́ra wa yé lórí ẹ̀.